Hydrangea ní Abẹ́òkúta: kí ló dé tí kò tanná mọ́?

Ìyàwó ilé kan ní Ọbáńtokó ló kọ ìbéèrè yìí sí mi:

"Bàbá, ẹ kú iṣẹ́ o. Lọ́jọ́ ìbí mi lóṣù Kẹta, ọkọ mi ra hydrangea méjì fún mi, irú kúkúrú yẹn, inú ike ló wà. Òdòdó orí wọn tó orí ọmọ tuntun, àwọ̀ rẹ̀ sì dà bí aró. Kò ju oṣù kan àbọ̀ lọ tó fi di àwọ̀ ewé, ó sì gbẹ. Láti ìgbà náà, ewé nìkan ni mò ń rí. Mò ń bomi rin ín láàárọ̀, lọ́sàn-án, lálẹ́, síbẹ̀ tí oòrùn bá ti mú, ńṣe ló máa ń rọ bí ẹni tí wọ́n nà. Àbúrò ọkọ mi tó wà ní Jos ní tiwọn ń tanná lọ́dọọdún. Aládùúgbò mi ní kí n ri ìṣó tó ti dípẹtà mọ́ ìdí rẹ̀. Ẹni tó tà á fún wa ní òun ní mẹ́wàá sí i nílẹ̀, mo sì fẹ́ fi wọ́n to ojú ọ̀nà láti géètì dé ẹnu ilẹ̀kùn. Ṣé kí n rà wọ́n?"

Ìyàwó wa, ẹ má rà wọ́n. Ibẹ̀ ni kí n ti bẹ̀rẹ̀, kí owó má baà ti jáde lápò kí ẹ tó kà á dé ìsàlẹ̀. Méjì tó wà lọ́wọ́ yín kò ṣe nǹkan kan, a óò rí ohun tí a máa fi wọ́n ṣe. Ṣùgbọ́n mẹ́wàá mìíràn, tí ẹ fẹ́ gbìn sílẹ̀ gbalasa nínú oòrùn Ọbáńtokó, owó àsọdànù ni.

Ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ, ẹ jẹ́ ká wo ilé tí òdòdó yìí ti wá. Èyí tí a sábà máa ń rí nínú ike, tí ewé rẹ̀ fẹ̀, tí òdòdó rẹ̀ rí roboto, ọmọ Japan ni, ẹ̀bá òkun ló ti ń hù. Ajisai ni wọ́n ń pè é níbẹ̀, nínú òjò oṣù Kẹfà wọn ló sì máa ń tanná. Orúkọ tí àwọn òyìnbó fún un, inú èdè Gíríìkì ni wọ́n ti mú un, ohun tó sì túmọ̀ sí ni ìkòkò omi. Dókítà ará Jámánì kan, Philipp Franz von Siebold, tí wọ́n lé kúrò ní Japan lọ́dún 1829, sọ ọ̀kan nínú wọn ní otaksa. Otaki-san ni wọ́n ń pe obìnrin tó fi sílẹ̀ lọ́hùn-ún, orúkọ rẹ̀ ló rọra fi pa mọ́ sára òdòdó. Ọdún kejì ni àwọn Ẹ̀gbá tẹ̀dó sábẹ́ Olúmọ. Ìtàn yẹn kò kan bí a ṣe ń tọ́jú òdòdó o, mo kàn fẹ́ràn rẹ̀ ni.

Ẹni tó bá gbọ́ òjò, tó tún gbọ́ ìkòkò omi, á ní Abẹ́òkúta gan-an ló bá a lára mu, nítorí láti oṣù Kẹrin títí dé oṣù Kẹwàá, òjò kì í wọ́n wa. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà. Òjò nìkan kọ́ ni hydrangea ń wá. Òtútù tó ń tẹ̀lé òjò yẹn ní ilé rẹ̀, òun ni ọ̀rọ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Tó bá tanná tán ní ìlú rẹ̀, ojú ọjọ́ á bẹ̀rẹ̀ sí í tutù. Nígbà tí òru bá ti ń wà ní ìsàlẹ̀ ìwọ̀n 18 lórí òṣùwọ̀n Celsius fún bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ìgbà náà ni ṣóńṣó orí ẹ̀ka máa rudi òdòdó. Bí òru bá ń móoru, ewé ni ṣóńṣó náà á máa rú lọ títí ayé. Lẹ́yìn tó bá rudi tán, á wọ̀wé, á wá sùn nínú òtútù tó le ju ti àkọ́kọ́ lọ. Àwọn tó ń gbìn ín fún títà ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà kì í dúró de ojú ọjọ́. Inú yàrá òtútù ni wọ́n máa ń kó o sí, èyí tó tutù bí inú fíríìjì, fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ. Ìgbà tí wọ́n bá gbé e bọ́ sínú ooru ló máa rò pé ọdún tuntun ti dé, táá sì tanná lásìkò tí ọjà ń fẹ́ ẹ. Ẹni yòówù kó tọ́ tiyín dàgbà, ó ti rí òtútù yẹn kó tó dé ọwọ́ ọkọ yín. Òdòdó tí ẹ rí lóṣù Kẹta, òtútù ìgbà yẹn ló bí i. Ẹ ò ṣe é ní nǹkan kan, kò sì sí ajílẹ̀ tó lè rọ́pò òtútù.

Àbúrò ọkọ yín kò parọ́ nígbà náà. Jos wà lórí òkè, ó fi bíi mítà 1,200 ga ju òkun lọ, òru ọyẹ́ ibẹ̀ ń lé èèyàn wọ súwẹ́tà. Àwa ńkọ́? Orí Olúmọ gan-an, tí a fi ń yangàn káàkiri, mítà 137 péré ló fi ga ju òkun. Àwọn àpáta wa tún ń gba ooru sára lọ́sàn-án, wọ́n ń tú u jáde lóru. A lè rí òru ọyẹ́ mélòó kan tó tutù díẹ̀ nínú oṣù Kejìlá àti oṣù Kìn-ín-ní, ṣùgbọ́n kì í tò léra wọn tó ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, atẹ́gùn tó ń bá a rìn sì ti gbẹ jù fún ewé tó fẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Mo mọ̀ pé ẹnì kan á ti máa sọ ọ́ sínú pé, "Fíríìjì ńkọ́?" Èmi náà rò ó rí. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ta fúláwà lẹ́bàá títì, mo gbé ìkòkò hydrangea kan sínú fíríìjì tí ìyàwó mi fi ń ta ọtí ẹlẹ́rìndòdò. Ápù àti mángòrò wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Kò tó ọ̀sẹ̀ kan, gbogbo ewé rẹ̀ ti wọ̀. Mo ní ó ti kú. Ẹ̀yìn ìgbà náà ni mo wá mọ̀ pé èso tó pọ́n máa ń tú afẹ́fẹ́ kan jáde tó ń mú kí ewé wọ̀, àti pé àwọn olóko mìíràn lókè òkun máa ń mọ̀ọ́mọ̀ kó ápù pípọ́n sínú yàrá òtútù kí hydrangea lè wọ̀wé kíákíá. Àṣìṣe mi àkọ́kọ́ bọ́ sí rere nìyẹn. Èyí tó bà á jẹ́ ni pé wọ́n mú iná lọ fún ọjọ́ mẹ́rin. A ti ilẹ̀kùn pa, ooru pẹ̀lú ọ̀rinrin há sínú rẹ̀, gbogbo ẹ̀ka náà bu funfun. Ìyàwó mi gbé òun àti ìkòkò rẹ̀ sọ síta, kò sì bá mi sọ̀rọ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú. Ẹni tó bá ní iná tí kì í lọ, tó sì ní fíríìjì tí kò ní nǹkan kan nínú, kó dán an wò. Èmi ò mọ irú ẹni bẹ́ẹ̀ ní Abẹ́òkúta.

Àwọn mìíràn á ti rí i lórí íntánẹ́ẹ̀tì pé irú kúkúrú mìíràn wà, bíi Bobo àti Little Lime. Ẹ má fi orúkọ Bobo rẹ́rìn-ín. Òótọ́ ni pé Bobo kì í sábà ga ju ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta lọ, orí ẹ̀ka tuntun ni àwọn méjèèjì sì ti ń tanná. Ṣùgbọ́n ẹ̀yà tí wọ́n ń pè ní paniculata ni wọ́n, ọmọ ilẹ̀ tó ní ìgbà òtútù. Àwọn náà kò ní rí òtútù tí wọ́n ń fẹ́ níbí.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká wo méjì tó wà nílẹ̀. Omi tí ẹ ń bù sí i lẹ́ẹ̀mẹ́ta lójúmọ́ yẹn, ẹ dá a dúró kó tó pa wọ́n. Rírọ̀ tí ewé rẹ̀ ń rọ lọ́sàn-án, òùngbẹ kọ́ nígbà gbogbo. Ewé rẹ̀ fẹ̀, oòrùn ń fa omi jáde lára rẹ̀ ju bí gbòǹgbò ṣe lè fà á gòkè lọ. Ẹ fi sílẹ̀ di bí agogo mẹ́fà ìrọ̀lẹ́. Bó bá ti nà padà fúnra rẹ̀, kò béèrè omi lọ́wọ́ yín. Bí kò bá nà, ẹ ti ìka bọ ilẹ̀ rẹ̀ dé oríkèé kejì. Tó bá gbẹ níbẹ̀, ẹ bomi sí i kó mu ún yó, kó máa jò nísàlẹ̀, kó tó tún di ọjọ́ mìíràn. Tí ilẹ̀ bá tutù ṣùgbọ́n tí ewé ò nà, gbòǹgbò ti ń jẹrà nìyẹn, ẹ yọ ọ́ nínú ike, ẹ gé èyí tó dúdú tó rọ̀ kúrò, kí ẹ sì pààrọ̀ ilẹ̀ rẹ̀.

Ike dúdú tí wọ́n fi ń tà á máa ń gbóná gan-an. Ẹ gbé e sínú ìkòkò amọ̀ tó ní ihò nídìí. Ilẹ̀dú, ewé tó ti jẹrà dáadáa, àti yanrìn díẹ̀ ni kí ẹ pò pọ̀ fún un. Ẹ fi ewé gbígbẹ tàbí háhá àgbàdo bo orí ilẹ̀ náà. Ibi tí oòrùn àárọ̀ ń kàn, tí òjìji sì ń dé láti bí agogo mẹ́wàá, ni kó wà. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ tó kọjú sí ìlà oòrùn dára jù lọ. Ẹ má gbé e sábẹ́ ọ̀ṣọ́ọ̀rọ̀ o, omi tó ń já láti orí páànù á fa ewé rẹ̀ ya, á sì kó ilẹ̀ inú ìkòkò dà nù. Lásìkò ọyẹ́, ẹ máa yẹ ẹ̀yìn ewé wò. Bí ẹ bá rí àmì tínńtín bí ẹni fi abẹ́rẹ́ gún un, pẹ̀lú òwú bíi ti aláǹtakùn, kòkòrò pupa kékeré kan ló ń mu oje rẹ̀. Omi ọṣẹ fẹ́ẹ́rẹ́ ni kí ẹ fi nu ẹ̀yìn ewé náà, kì í ṣe ojú rẹ̀ nìkan.

Ẹ tún gbé e jìnnà sí ewúrẹ́ àti ọmọ tó ń rá. Ewé hydrangea ní májèlé nínú, ó lè dá wọn dùbúlẹ̀.

Ní ti gígé, ẹ ó rí i kà káàkiri pé ẹ ò gbọdọ̀ gé e lẹ́yìn ìgbà báyìí, nítorí pé orí ẹ̀ka àtijọ́ ni irú tiyín ti ń rudi. Òótọ́ ni, níbi tó ti ń rudi. Ní Ọbáńtokó tí kò ti ní rudi, ẹ gé e bó bá ṣe wù yín, kó lè kúrú kó sì ki. Ẹ̀ka tí ẹ bá gé, tó gùn tó ìka méjì tí a tò, ẹ má sọ ọ́ nù. Ẹ já ewé ìsàlẹ̀ rẹ̀, ẹ gé ìdajì èyí tó kù lórí, ẹ fi ìdí rẹ̀ bọ yanrìn tútù, kí ẹ fi ọ̀rá bò ó lábẹ́ òjìji. Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin, á ti ta gbòǹgbò. Ó máa ń yá láti hù níbí. Ohun tó sì ń tan àwọn olùtajà gan-an nìyẹn: wọ́n rí i pé ó ń hù, wọ́n rò pé ó ti gbà wá ní ìlú.

Ọ̀rọ̀ ìṣó wá kù. Irin kọ́ ló ń sọ hydrangea di búlúù bí aládùúgbò yín ṣe rò. Alumíníọ̀mù tó wà nínú ilẹ̀ ni. Bí ilẹ̀ bá kan, tí pH rẹ̀, ìwọ̀n tí a fi ń mọ bí ilẹ̀ ṣe kan tó, wà ní ìsàlẹ̀ 5.5, alumíníọ̀mù náà á yọ́ sínú omi ilẹ̀, gbòǹgbò á fà á, òdòdó á sì di búlúù. Bí eérú tàbí sìmẹ́ńtì bá wọ ilẹ̀ náà, alumíníọ̀mù á há, gbòǹgbò ò ní rí i fà, òdòdó náà á di píǹkì. Ẹ wá wò ó pẹ̀lú ojú ọmọ Ẹ̀gbá. Àwọn ìyá wa aláró, kí wọ́n tó rí aró, wọ́n gbọ́dọ̀ jò omi láti inú eérú, inú omi eérú yẹn ni wọ́n ń rẹ ẹ̀lú sí. Láìsí eérú, adìrẹ ò ní dúdú. Eérú kan náà yẹn, ẹ dà á sídìí hydrangea, ẹ ó pàdánù búlúù pátápátá. Nígbà tí mo kọ́kọ́ sọ èyí fún ìyá kan tó ń ta adìrẹ ní Ìtòkú, ó ní, "Òdòdó ọ̀hún ò tiẹ̀ mọ iṣẹ́ ni."

Ìgbẹ́ adìẹ pàápàá kò bá búlúù rìn, nítorí fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì inú rẹ̀ máa ń di alumíníọ̀mù mú. Ohun tó ń ṣiṣẹ́ ni álọ́ọ̀mù, èyí tí a fi ń mú omi kànga tòrò: ṣíbí ìjẹun kan nínú lítà 4 omi, sórí ilẹ̀ tó ti tutù tẹ́lẹ̀, lẹ́ẹ̀kan lóṣù, bẹ̀rẹ̀ láti ìgbà tó bá ń rudi. Tí ilẹ̀ bá gbẹ, ó lè jó gbòǹgbò. Tí òdòdó bá ti là tán, ó ti pẹ́ jù. Èyí tó bá funfun kì í yí àwọ̀ padà fún ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n ìyàwó wa, òdòdó wo lẹ fẹ́ sọ di búlúù nígbà tí kò sí òdòdó? Ẹ fi ìṣó yín kan nǹkan.

Dídi tí tiyín di àwọ̀ ewé kó tó gbẹ, ọjọ́ orí lásán ni. Ohun tí a ń pè ní òdòdó lára hydrangea, ewé kéékèèké tó máa ń bo òdòdó ni, òdòdó gidi kéré gan-an láàárín wọn. Ìdí nìyẹn tí kì í fi í já bọ́, tó máa ń pẹ́ lórí ẹ̀ka títí á fi rántí pé ewé ni òun.

Ní ojú ọ̀nà yín, ixora kúkúrú ni kí ẹ gbìn. Mo mọ̀ pé ẹ ti rí i débi tó sú yín, gbogbo ilé tó ní géètì ní Ìbarà ló ní i. Ó ní ìdí. Òdòdó rẹ̀ rí roboto bíi ti hydrangea, ó kàn kéré sí i ni. Oòrùn tó ń rọ hydrangea lọ́rùn ni ixora fi ń jẹun, kì í sì í fi oṣù kan sílẹ̀ láìtanná tó bá rí oòrùn tó. Èyí tó kúrú gan-an kì í ga ju orúnkún lọ púpọ̀. Pupa wà, òféèfèé wà, píǹkì wà. Ẹ jẹ́ kí wọ́n jìnnà síra wọn ní sẹ̀ǹtímítà 60. Bí ojú ọ̀nà yín bá gùn ní mítà 6, mọ́kànlá ni ẹ nílò lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ẹ gbìn ín nígbà tí òjò bá ti ń rọ̀ dáadáa, láti oṣù Karùn-ún sí oṣù Keje.

Ẹ̀ṣẹ̀ kan ṣoṣo ló ní: òun náà kórìíra sìmẹ́ńtì. Àwọn tó to íńtálọ́ọ̀kì fún yín á ti ri àjákù bíríkì àti sìmẹ́ńtì gbígbẹ mọ́ etí ọ̀nà. Ẹ gbẹ́ gbogbo rẹ̀ jáde dé jíjìn ẹsẹ̀ bàtà kan, ẹ fi ilẹ̀dú dí i. Bí ewé ixora bá pọ́n tí iṣan ewé náà sì ṣì ní àwọ̀ ewé, irin ló ń pòǹgbẹ, ilẹ̀ sìmẹ́ńtì ló há irin mọ́ ọn lọ́wọ́. Aládùúgbò yín á tún dìde pẹ̀lú ìṣó rẹ̀. Ẹ sọ fún un pé ìpẹtà kì í yọ́ nínú irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀, ilẹ̀ ni kí ẹ tún ṣe. Ẹ lè béèrè lọ́wọ́ àwọn onímọ̀ ilẹ̀ ní Yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀ lọ́nà Alábàtà bí ẹ ṣe lè mọ pH ilẹ̀ yín.

Bó bá jẹ́ pé búlúù yẹn gan-an ló wọ̀ yín lọ́kàn, ẹ wá plumbago. Ìbátan ìnábìrí wa ni, èyí tí àwọn eléwé ọmọ ń tà, àmọ́ tirẹ̀ búlúù fẹ́ẹ́rẹ́ bí ojú ọ̀run lẹ́yìn òjò. Ó máa ń nà gbalaja, ẹ gé e lẹ́ẹ̀mẹ́ta lọ́dún kó lè ṣù. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́ tí ẹ bá ń gé e, oje rẹ̀ lè bó ara. Ìdí òdòdó rẹ̀ máa ń lẹ̀ mọ́ aṣọ, àwọn ọmọ yín á kó o wọlé. Mẹ́rin lẹ́gbẹ̀ẹ́ géètì tó, kí ixora gba ìyókù. Pentas náà wà, ó kúrú, labalábá fẹ́ràn rẹ̀, ṣùgbọ́n kì í pẹ́ láyé. Èyí tí wọ́n ń pè ní Queen of Philippines rẹwà, ẹ má gbìn ín sí ojú ọ̀nà, ó máa ga ju yín lọ.

Méjì yẹn wá ńkọ́? Ẹ fi ọ̀kan sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, kó máa jẹ́ ewé tó dára, torí ewé rẹ̀ dára. Ẹ gé ẹ̀ka díẹ̀ lára èkejì kí ẹ fi pa irú rẹ̀ mọ́, kí ẹ sì gbé ìyókù rán sí Jos kí oṣù Kẹwàá tó parí, kó lè bá òru tútù wọn pàdé. Tí àbúrò ọkọ yín bá ń bọ̀ nílé lásìkò tó bá tanná, kí wọ́n gé òdòdó rẹ̀ wá, kí wọ́n má gbé ìkòkò. Á ti rọ kó tó dé Ọbáńtokó, ẹ má bínú sí wọn. Ẹ tún ìdí ẹ̀ka rẹ̀ gé, ẹ rì í sínú ìyẹ̀fun álọ́ọ̀mù, kí ẹ wá da orí òdòdó náà bolẹ̀ sínú bàsíà omi tútù fún ìdajì wákàtí. Ó máa ń fi orí mu omi. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ tò ó sínú ife lórí tábìlì.